Mélòó Ni Ìbàdí Ìyàwó?

Mò ń wọn ọmọ mi fún aṣọ ìgbéyàwó. Téèpù wà lọ́wọ́ mi, ìwé wà lọ́wọ́ Màámi, torí àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ. Mo wé téèpù mọ́ ìbàdí ọmọ mi. Ó ti fi íǹṣì mẹ́rin lé ti tẹ́lẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà náà. Màámi yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ nà mí pa lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan kàn bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà.

"Mélòó?" ni Màámi bi mí.

"Méjì... méjìdínlọ́gbọ̀n, mà."

"Irọ́ ni, Màmá àgbà," ni ọmọ mi wí, kò tiẹ̀ tijú. "Méjìlélọ́gbọ̀n ni. Mo ti lóyún."

Mò ń wo ọwọ́ Màámi, bóyá èmi ni wọn yóò kọ́kọ́ gbá létí. Wọ́n kàn ń kọ̀wé.

"Fi mẹ́ta kún un. Ikùn yẹn ṣì ń bọ̀. Báyìí náà ni wọ́n ṣe tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ tèmi, tí ìwọ ń ta mí nípàá láti inú."

"Màámi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nà mí ńkọ́?"

"Ẹni tó ti ṣubú níbì kan ló mọ̀ pé ibẹ̀ ń yọ̀."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù Màámi ló bà mí tí ọkùnrin kò fi fọwọ́ kàn mí títí mo fi pé ọgbọ̀n ọdún.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?" ni mo bi Màámi.

"O ò bi mí."