Àṣíborí Kẹsàn-án

"Ta ló ni mẹ́sàn-án?"

Oníkálukú ṣí àṣíborí rẹ̀, ó wo nọ́mbà tí a fi ọ̀dà kọ síwájú rẹ̀, ó sì tún un dé. Omi ń já bọ́ láti orí àpáta, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Mo tún kígbe. Lórí èèkàn tí àlejò máa ń gbé àṣíborí kọ́ kí wọ́n tó wọ omi, pupa kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Mẹ́sàn-án ló wà lára rẹ̀.

Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ: àṣíborí tó bá kù lórí èèkàn, ẹni tó ni ín ṣì wà nínú omi.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí èmi nìkan kó àlejò. Èèyàn méjìlá ni mo kó wọ inú igbó kìjikìji, tí mo so mọ́ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fò kọjá lórí àwọn igi. Nọ́mbà ni mo fi ń pè wọ́n. "Mẹ́ta, gbẹ́sẹ̀ sókè! Méje, má fọwọ́ kan wáyà!" N kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo ka àwọn aláṣíborí pupa. Mọ́kànlá. Mo kà wọ́n láti ẹ̀yìn wá. Mọ́kànlá.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀ lórí àpáta bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Láti kékeré, àlọ́ kan kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó já a, mo bá ní kí n já èyí náà. Tọkọtaya tuntun, méjì. Àwọn ará báǹkì tí wọn kò yéé ya fọ́tò, márùn-ún. Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Dókítà eléyín. Ẹnì kejìlá ńkọ́? N kò rántí ojú rẹ̀ rárá.

"Búròdá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì í kà?" ará báǹkì kan bi mí. "Bóyá mọ́kànlá la jẹ́ látàárọ̀."

Ìyàwó tuntun wò ó. "Àṣíborí yẹn wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gun èèkàn, àbí?"

Ẹgbẹ́ kejì, àwọn aláṣíborí yẹ́lò, wà lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n láti wọ omi. Ẹ̀gbọ́n tó kó wọn wá ti ń sáré lọ sísàlẹ̀ odò. "Ìwọ wo abẹ́ àpáta!" ló pariwo sí mi.

Mo so okùn mọ́ ìbàdí. Mo fẹ́ wá ẹni tí yóò di òdìkejì rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan tó dé àṣíborí yẹ́lò ti nawọ́.

"Gbé e wá. Agbẹ̀bí ni mí. Ohun tó ń yọ̀ jù ọ́ lọ, mo ti dì í mú."

Mo rì. Ọwọ́ mi kan òkúta, ó kan gbòǹgbò, ó kan iyanrìn. Mo jáde, mo mí, mo tún rì. Bí mo bá pẹ́ jù, màmá á fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á fà á padà. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún àwọn ará ilé onítọ̀hún? Pé mẹ́sàn-án kú?

Nígbà karùn-ún, màmá ló wọ́ mi dé bèbè.

"Sinmi, ọmọ mi. Ètè ẹ ti ṣú. Ta lò ń wá gan-an, ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Mi ò mọ̀, mà." Ojú tì mí. "Ẹ ṣeun. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tẹ́ ẹ jọ wá, kí wọ́n má jẹun tán."

"Àwọn wo?" Ó ń ká okùn náà mọ́ apá. "Ṣebí ìwọ ni mo bá wá." Ó ṣí àṣíborí yẹ́lò náà, ó họ orí. "Èyí tó o gbé fún mi há mọ́ mi lórí jù, ni mo bá fi í sílẹ̀ lórí èèkàn, mo mú èyí nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn tọ̀hún. Kí ló dé tó ò ń wò mí bẹ́ẹ̀?"