Ìwádìí Ofiki tí Mo Fi Káàdì Ṣe

Ìdí mi ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìdí tí Ọlọ́run fún mi kì í ṣe kékeré. Àwọn oníbàárà mi ní Ṣakí a máa sọ pé bí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, àga ló yẹ kí èèyàn bá kẹ́dùn. Ní ọdún 1978, píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń lọ sí Ofiki lóòjọ́, pákó lásán ni wọ́n sì tò sẹ́yìn rẹ̀ fún èrò. Ẹni tó bá gbé irú ìdí mi lé pákó yẹn lójú ọ̀nà oníkòtò, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi dojú bolẹ̀ sùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, Ògúndìran, wá rán mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fadékẹ́, tó jẹ́ olùkọ́, ti mú ọkọ wálé: Olúsọjí, ọmọ Ofiki, olùkọ́ bíi tirẹ̀. Fadékẹ́ fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín bó bá ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bàbá kì í fi ọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí ìlú wọn, kó fọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò: ṣé wọn kì í jalè, ṣé kò sí wèrè tàbí ẹ̀tẹ̀ nínú ẹbí wọn. Ohun tí ẹni náà bá mú bọ̀ ni abẹ gé.

"Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu èèyàn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ ni kó o lọ."

Mo ní kò burú.

Àṣé nǹkan mìíràn ti gba orí mi lóṣù yẹn. Nọ́ọ̀sì Florence, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń kọ́ mi ní káàdì. Kì í ṣe èyí táwọn ọkùnrin fi ń ta tẹ́tẹ́ o. Ìlú Òyìnbó tó ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti mú un bọ̀. Táróò ni wọ́n ń pè é, méjìdínlọ́gọ́rin ni, àwòrán wà lára gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa ń fi í wo ohun tó wà lọ́kàn èèyàn àti ohun tó ń bọ̀. Inú agolo bisikíìtì ló ń kó o sí, káwọn ará ìjọ wa má baà rí i.

"Ìyá Níkẹ́, ẹ má sáré," ni yóò máa wí. "Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán náà. Kí ni ẹni yìí ń ṣe?"

Ọkùnrin kan ló di ọ̀pá mẹ́wàá mọ́ra, tó tẹ̀ sábẹ́ wọn.

"Àgbẹ̀ ni," mo ní. "Ọ̀pá tí iṣu rẹ̀ máa fà mọ́ ló ń kó lọ sóko."

"Ìnira ni, mà. Ẹrù tó pọ̀ jù."

"Ẹrù wo? Àgbẹ̀ tí ọ̀pá iṣu rẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ! Ọ̀lẹ ni, jàre."

Florence rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó tún fi obìnrin kan hàn mí tó kúnlẹ̀ létí odò, tó ń da omi ìkòkò méjì nù. Mo ní bó bá jẹ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ṣakí ni, a ó na irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìrètí ni, mà." Ọdún kẹta tí ọkọ mi kú nìyẹn. Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé káàdì wọ̀nyí mọ nǹkan.

Nígbà tí ọjọ́ ìwádìí pé, Florence ti lọ síbi iṣẹ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo yọjú wo pákó píkọ́ọ̀pù. Mo wo agolo bisikíìtì. Mo ní, kí ni mo tún ń pa ara mi lójú ọ̀nà sí, nígbà tí mo ti di ọ̀mọ̀wé? Mo tilẹ̀kùn, mo po káàdì, mo ní, "Irú ilé wo ni ilé Olúsọjí?" Mo fa ọ̀kan yọ.

Ilé gogoro ni. Àrá ń sán lù ú, iná ń jó lórí rẹ̀, èèyàn méjì ń forí sọlẹ̀ bọ̀.

Ta ni kò mọ̀ ní Ṣakí pé olè àti òpùrọ́ ni àrá ń wá dé ilé? Mi ò tiẹ̀ fa èkejì.

Mo jókòó sí yàrá Florence títí di ìrọ̀lẹ́, mo jẹ ẹ̀pà rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu eruku pupa, mo fi pa ẹsẹ̀, mo fi pa ojú, mo gbọ̀n ọ́n sórí gèlè. Mo di ìdí mú, mo ń tiro wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Fadékẹ́ ló sáré pàdé mi. Ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ mi, ó fi aṣọ tútù nu ojú mi.

"Ẹ kú wàhálà mi o, Ìyá Níkẹ́."

Mo jẹ́ kó nù ún.

"Kí lo gbọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ilé olè ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tí kì í purọ́."

Mo gbọ́ tí igbá omi bọ́ lọ́wọ́ Fadékẹ́.

Nígbà tí mo fọ́nnu ròyìn rẹ̀ fún Florence, ó dìde dúró. "Ìyá Níkẹ́! Káàdì yẹn ò sọ̀rọ̀ olè. Ohun tí èèyàn bá fi irọ́ kọ́ ló máa ń wó. Ẹni tó béèrè ni káàdì sì máa ń bá wí!" Mo ní àwọn òyìnbó tó ya àwòrán náà ni kò mọ àrá.

Bí wọ́n ṣe lé Olúsọjí nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, Fadékẹ́ fẹ́ Akínyẹlé, akọ̀wé kan ní Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ṣùgbọ́n bí Fadékẹ́ bá ń fọ abọ́ báyìí, abọ́ ló ń fọ̀.

Lọ́dún 1984, obìnrin àgbàlagbà kan gbé aṣọ wá. Mo rán an, mo dì í fún un, ó lọ. Mo wá àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé aṣọ títí, mo bú gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà yọ, eruku bò ó látorí dé ẹsẹ̀, eruku tòótọ́. Àlùmọ́gàjí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Inú aṣọ ni mo ti bá a, ìyá oníránṣọ. Ẹ̀yin lẹ dì í mọ́ ọn."

"Háà, Màmá! Ẹ ò bá fi rán èèyàn. Níbo lẹ ti wá?"

"Ofiki. Mi ò lè jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti pe ilé wa ní ilé olè nínú ìlú yìí rí. Ọmọ mi Olúsọjí fẹ́ gbéyàwó níbí, wọ́n ní àwọn ti wádìí wa. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Ìyá tí ilé wa kọjú síra ni mo fura sí. Ọdún kẹfà rèé, a ò kíra."

Mo ní kó jókòó. Ó ní píkọ́ọ̀pù ń dúró. Ó ń tiro lọ nítorí pákó.

Ó wá ku èmi àti àlùmọ́gàjí. Ilé tí àrá ń lù nínú káàdì yẹn, ilé ta ni? Èmi ni mo béèrè. Èmi ni mo purọ́.

Mo lọ bá Fadékẹ́ ní Ìsẹ́yìn, mo rò ó fún un, n kò fo ibì kankan. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé:

"Eruku tí mo nù lójú yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa ni."

"Mo ti bí ọmọ mẹ́ta, Ìyá Níkẹ́. Mi ò lè ní kí wọ́n má wà. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ lọ síbi tí wọ́n rán yín."

Mo gun píkọ́ọ̀pù. Ohun tí pákó náà fojú mi rí, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti rẹ̀. Ní Ofiki, mo bá ìyá kan tó ń sá èlùbọ́ lójúde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ilé wo ni ilé Ìyá Olúsọjí?"

Ó gbójú sí ilé tó kọjú sí tirẹ̀. "Ìyẹn kì í bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé wúrà síbẹ̀, ẹ ó padà bá a."

Ìwádìí náà nìyẹn. Kò pẹ́ tó kí èèyàn mu omi.

Mo ní kó bá mi kálọ. Ìyá Olúsọjí gbé àga fún mi, ó fajú ro nígbà tó rí ẹni tó tẹ̀ lé mi. "Ẹ jókòó, ìyá oníránṣọ."

Jíjókòó kò ṣeé ṣe: ìdí ò gbà á, ọkàn ò gbà á. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ látorí eruku.