Ìpè tí Wọ́n Kọ Àwẹ̀ró sí Lára

Àwọn ìpè ń gba ojú fèrèsé wọlé sí ọ́fíìsì wa, a sì ń tẹ́ wọn sórí ẹní. Ìpè kọ̀ọ̀kan tó ọmọ tuntun tí wọ́n fi aṣọ wé. Páálí pélébé kan so mọ́ ọrùn rẹ̀, òun là ń pè ní àkọlé. Ẹni tó pè wà lára rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè náà wà níbẹ̀, àti orúkọ gbogbo ilé tí ìpè ọ̀hún ti yà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn wà nínú aṣọ. A kì í tú u wò. Iṣẹ́ tiwa kò kọjá ara páálí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójú ayé náà nìyẹn, kì í ṣe lójú àlá nìkan. Ilé iṣẹ́ wa ní Àkúrẹ́ máa ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì gbé ìpè fóònù láti ibì kan dé ibòmíì, èmi ni mo sì ń tún àkọlé wọn ṣe. Àwọn èèyàn kì í kọ nǹkan bákan náà. Ẹlòmíì á fi òdo ṣíwájú nọ́ńbà, ẹlòmíì á fi àmì àròpọ̀ sí i, ẹlòmíì á kọ ọ́ wúruwùru bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Èmi á pa á rẹ́, màá tún un kọ kó bá èyí tí ẹ̀rọ wa mọ̀ mu, torí pé ìpè tí ẹ̀rọ kò bá mọ ẹni tó ni ín, ńṣe ló máa dá a padà síbi tó ti wá. Ọwọ́ mi yá níbi iṣẹ́ yẹn, mo sì máa ń fi í yangàn.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbódi, ń gbé inú ẹ̀rọ amúlétutù. Orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, atẹ́gùn tútù sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Lójú ayé náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gbóná.

Ìpè kan wọlé tí wọ́n fi àǹkárá ẹlẹ́ja wé. Mo mọ àǹkárá náà, torí òun la wọ̀ fún ìyá mi lọ́jọ́ tí a sin ín. Mo yí páálí rẹ̀ sójú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ẹ ló pè. Orúkọ àwọn ilé tó ti yà gùn lọ bí okùn, odò méjì wà lára wọn, àti òkúta kan. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tí wọ́n ń pè wà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Àwẹ̀ró.

Oríkì mi ni Àwẹ̀ró. Fadérera Ọládòkun ló wà nínú ìwé ẹ̀rí mi gbogbo, Màmá Tèmídire ni ọkọ mi ń pè mí. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró. Tó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, kò sí ìbínú tó lè dúró nínú mi, inú mi á kàn rọ̀ wọ̀ọ̀. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò fẹ́ nǹkan míì.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ́fíìsì ti di yàrá ìyá mi ní Ìkàrẹ́. Ẹní ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì wà lára ògiri, ọ̀gá mi ṣì wà nínú rẹ̀. Páálí náà bi mí pé ta ló ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé òun máa tó padà sọ́nà.

Ọ̀gbẹ́ni Olúgbódi ní kí n jẹ́ kó padà. Ó ní àwọn àgbà ní a kì í dá òkú lóhùn lójú àlá. Mo ní ìyá mi kì í ṣe òkú. Ó ní kí wá ni. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí mo bá tiẹ̀ fẹ́ gbà á, ṣé n kò mọ iṣẹ́ mi ni? "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ," ó wí, "ilé tiwa sì ti mọ̀ ọ́ ní Fadérera."

Aṣọ ẹlẹ́ja náà ti ń fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí pé ó máa lọ. Mo pa Àwẹ̀ró rẹ́, mo kọ Fadérera Ọládòkun sí i, bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Páálí náà dúpẹ́.

Lẹ́sẹ̀ kan náà, sálúbàtà ìyá mi tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé e sétí.

"Ẹ káàsán, mà," ìyá mi wí. "Ṣé Fadérera Ọládòkun nìyẹn?"

Ohùn tó máa ń fi bá àwọn òṣìṣẹ́ báńkì sọ̀rọ̀ ni. Ìyá mi kò fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ rí láyé.

"Màmá, èmi ni," mo wí. "Èmi Àwẹ̀ró ni."

"Ẹ má bínú, mà. Orúkọ tí wọ́n kọ síbí kọ́ nìyẹn. Ọmọ mi ni mò ń wá."

Mo fa páálí mọ́ra, mo fẹ́ dá orúkọ náà padà. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń di Fadérera Ọládòkun. Mo wo ojú ọ̀gá mi, ó ní ṣebí mo mọ̀ pé orúkọ tí a bá ti pa rẹ́ lára àkọlé kì í padà sí i. Mo mọ̀. Ó dùn mí wọra, omijé bọ́ lójú mi sínú sálúbàtà. Ìyá mi bi mí bóyá òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Mo lè máa bá a jiyàn. Àmọ́ mo rò ó pé ìpè kì í pẹ́ já, tó bá sì já, ohun tó fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Mo bi í bóyá iṣẹ́ wà tó fẹ́ kí n bá a jẹ́ fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," ó wí. "Ẹ sọ fún Àwẹ̀ró kó bá mi ká aṣọ mi lórí okùn. Òjò ń bọ̀."

"Ó dáa, mà," mo wí. "Màá sọ fún un."

Ó súre fún mi. Ó ní bí mo ṣe fẹ́ jíṣẹ́ fún ọmọ òun yìí, àwọn tèmi náà kò ní ṣìnà. Mo ṣe àmín. Sálúbàtà náà dákẹ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Aṣọ ìyá mi wà lórí okùn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ojú mi kò ká mọ́, bùbá, ìró, tòbí, òjò sì ti ń kán sórí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a séjìká. Gbogbo rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí aṣọ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lára.