Ṣòkòtò Bàbá Lára Ìṣó

Télọ̀ ni ọkọ mi, télọ̀ náà ni bàbá rẹ̀ tí àtọ̀gbẹ pa. Ṣòkòtò tí bàbá wọ̀ kẹ́yìn ṣì wà lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí fáànù bá fẹ́ ẹ, á máa mi ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Àtọ̀gbẹ yẹn náà ló ń ṣe ọkọ mi. Yóò lo oògùn láàárọ̀, kò ní jẹun títí iṣẹ́ á fi tán, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni yóò máa fi pa òùngbẹ. Ó ń rù. Ká ní ẹlòmíì ni, ṣòkòtò rẹ̀ ìbá ti jábọ́ kó ta á lólobó. Ti télọ̀ kì í jábọ́: bó bá ti tóbi báyìí, á rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, á wá máa yan bí ọ̀dọ́kùnrin.

"Ìyá wọn, wo bí mo ṣe fúyẹ́!"

"Ara yín lẹ ń gé yẹn, kì í ṣe aṣọ!"

Ó tún ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò míì.

Lánàá, ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ya níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì. Ó fa ti bàbá wọ̀ kó lè ráyè rán tirẹ̀. Àyà mi já, mo ní yóò bá a mu rẹ́gí.

Kò bá a mu. Ó tóbi.

Ọwọ́ rẹ̀ ti sáré mú píìnì. Ó yí inú ìbàdí ṣòkòtò náà síta kó lè mú un wọlé, ó sì rí ipa abẹ́rẹ́ tí bàbá fi ń rán tirẹ̀ náà wọlé, ọ̀kan nínú èkejì. Píìnì bọ́.

"Ìyá wọn," ó ní, "bàbá mi sanra jù mí lọ lọ́jọ́ tó kú."