Tábìlì Aago Mẹ́jọ

Ní ilé oúnjẹ yẹn, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ọ̀bẹ láàárọ̀ láìjẹ́ pé ó ti jẹun lójú Àǹtí. Àǹtí ni olórí alásè, òun ló sì ṣe òfin náà. Ó mọ̀ pé ẹni tí inú ń run kì í fẹ́ kí wọ́n dá òun padà sílé. Bí o bá bi í, á ní ara òun le koko. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ń parọ́, ikùn kì í parọ́. Ẹni tó ń bì, tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe, báwo ló ṣe máa jókòó ti àwo ìrẹsì gbígbóná, táá sì máa ṣàwàdà? Nítorí náà, gbogbo wọn á yí tábìlì irin ká ní aago mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá jẹun, ilé ló ń lọ, ó sì di ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn tí inú rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ kó tó padà. Ti ọwọ́ fífọ̀ kọ́ là ń sọ, ìyẹn ti di bárakú. Ọṣẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó wọn láwọ.

Àǹtí àti Ọwọ́yá ni wọ́n jọ gbèrò òfin ọ̀hún. Ọwọ́yá ló ń gé ẹ̀fọ́ tútù: tòmátì, kùkúńbà, kárọ́ọ̀tì, gbogbo ohun tí iná kì í kàn kó tó dé ẹnu oníbàárà. Àǹtí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Nígbà tí ọ̀gá tó ni ilé oúnjẹ fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì, Àǹtí ló lọ bá a pé bí kì í bá ṣe Ọwọ́yá ni yóò ṣe olórí alásè ibẹ̀, kó má wulẹ̀ ṣí i. Ọ̀gá wá ní Ọjọ́bọ̀, ó tọ́ oúnjẹ ọwọ́ Ọwọ́yá wò, ó ní òun ti rí ẹni tí òun ń wá.

Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni bàbá Àǹtí wá jẹun ọ̀sán bí ìṣe rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó jẹ ẹ̀fọ́ tútù rẹ̀ tán, ó ní kí wọ́n bá òun kí ẹni tó gé e.

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tó fi di Àbámẹ́ta, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, wọ́n sì ti fa omi sí i lára ní ọsibítù. Oníbàárà mẹ́sàn-án mìíràn pè pé inú ò jẹ́ káwọn gbádùn. Nọ́ọ̀sì bi Àǹtí pé ṣé kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ ò yá nílé ìdáná wọn. Àǹtí fọwọ́ sọ̀yà. "Kò sí," ó ní. "Lójú mi ni gbogbo wọn ti jẹun."

Màmá Àwo, àgbà obìnrin tó ń fọ àwo, ló tú àṣírí náà. Ó bá Àǹtí níbi tó ti ń fi bílíìṣì fọ tábìlì, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, mi ò lè gbé e sínú mọ́. Ọwọ́yá ń bì lọ́jọ́ tí ọ̀gá wá. Ó jẹun lójú yín, ó lọ bì í dà nù lẹ́yìnkùlé, ó padà wá mú ọ̀bẹ."

"Ọwọ́yá tèmi?"

"Òun ló kọ́ gbogbo wa. Síbí márùn-ún, kéèyàn máa rẹ́rìn-ín, kó wá dọ́gbọ́n jáde. Èmi náà ti ṣe é rí. Ẹ má bínú."

Gbogbo wọn. Láti ìgbà wo ló ti ń jókòó síbẹ̀, tó ń ka síbí ọlọ́síbí, táwọn yẹn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló kúkú ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju àìsàn bàbá rẹ̀ lọ, ojú sì tì í pé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ó pe Ọwọ́yá lórí fóònù. Ọwọ́yá kò jiyàn.

"Àǹtí mi, ká ní mo sọ fún yín ni, ẹ ò bá ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá ò sì ní padà wá."

"Mi ò bá ní kó o lọ sílé lóòótọ́. Mi ò bá sì bẹ ọ̀gá kó dúró dè ọ́. Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá Àǹtí ti ń dìde jókòó ní ọsibítù. Àǹtí bu ìrẹsì fún wọn, Ọwọ́yá náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn jẹun, wọ́n fi síbí ha àwo. Àǹtí ń wò wọ́n láti ẹnu dé ẹnu, kò sì mọ ẹni tó ń jẹun lóòótọ́ nínú wọn. Ìrẹsì tirẹ̀ ti tutù níwájú rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ò jẹun," Ọwọ́yá rọra sọ. "Ṣé ara yín le?"

Àǹtí tú épírọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi í lé ẹ̀gbẹ́ àwo.

"Ẹ̀yin náà ṣáà mọ òfin," ó ní. "Ẹni tí kò bá jẹun, ilé ló ń lọ."

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nídìí ẹ̀rọ omi, ó nù ún gbẹ, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.