Bẹ́líìtì Tí Àpìkẹ́ Rẹ Láró

Sàláúdéènì, tó ń rán àga ọkọ̀ l'Ókè-Fìà, l'Òṣogbo, ṣì ń wá ohun tí yóò sọ nígbà tí Ìyáàfin Julianah dé. Olùkọ́ ni ìyá náà, láti Iléṣà. Lọ́dún 1974 yìí, ọkọ̀ àtijọ́ tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń wà kiri, bẹ́líìtì méjì inú rẹ̀, tí wọ́n fi ń de ara mọ́ àga, ló sì gbé wá fún títúnṣe.

Sàláúdéènì ti rán etí wọn. Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀, aláró, ti rì wọ́n sínú ìkòkò aró. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Àmọ́ láàárọ̀ yẹn, Sàláúdéènì gé díẹ̀ nídìí ọ̀kan, ó fà á. Ó já bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Oòrùn ti jẹ òwú inú rẹ̀ tán.

"Bàbá Sikirat, ẹ panu mọ́," Àpìkẹ́ ti wí fún un. "Ta ló ń fa bẹ́líìtì wò?"

Julianah gbé ọ̀kan sókè. "Háà! Bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tí bàbá wọn gbé ọkọ̀ náà délé! Ọ̀gá, ọwọ́ yín mà dára o."

Sàláúdéènì fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá... ẹ má bínú. Kò... kò lágbára."

"Kí ni kò lágbára?"

"Bẹ́líìtì náà. Ojú lásán ló fi dára."

"Ẹ jókòó tì í lọ́sẹ̀ kan gbáko, ẹ wá ń sọ èyí? Ẹ̀rù ló kàn ń bà yín!"

"Ó ń bà mí, Màmá. Ẹni tí kò de nǹkan kan mọ̀ pé òun ò de nǹkan kan, á rọra. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé èyí, eré ni yóò máa sá. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ gan-an ni yóò já."

Julianah wé bẹ́líìtì náà mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ó fà á. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ya. Dúdú òkè là, funfun inú yọ. Àpìkẹ́, tó wà nítòsí, bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

"Ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà lára rẹ̀," Julianah wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹ mú irin ìdè rẹ̀ lọ. Ìyẹn ṣì le."

Julianah gba irin náà. "Níbo ni wọ́n ti ń ta tuntun?"

"Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ pé ó wà."

"Ó dáa. Ọjọ́ Ajé, ẹ ó bá mi lọ. Ẹ̀yin lẹ ó fà á wò kí n tó rà á."

Ó wọ ọkọ̀, ó fi irin náà sórí àga, ó sì lọ. Oníkẹ̀kẹ́ kan yà fún un.

Sàláúdéènì dúró. Lọ́jọ́ Ajé, láti Òṣogbo dé Ìbàdàn, òun àti ìyá yìí, kò ní sí bẹ́líìtì lára ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àpìkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Òótọ́ ti gbé yín wọ ọkọ̀."

Sàláúdéènì mú àlùmọ́gàjí, ó gé bẹ́líìtì kejì sí wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i dè mọ́.