Àpótí tí Bàbá Bushrah Kàn

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mọ́tò wa ti ń sùn síta. Gáráàjì tó yẹ kó máa sùn ti di ilé iṣẹ́ káfíńtà. Ayùn ni, òòlù ni, ìfági ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó ń bá wa wọ yàrá, ó sì ń bá wa jẹun. Nùrẹ́nì ni orúkọ ọkọ mi. Lójú rẹ̀, Bàbá Bushrah ni mo ń pè é, ẹ̀yin ni mo sì ń fi bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín tí kò sí nítòsí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Káfíńtà tó hewú kó tó kọ́ṣẹ́ ni. Tábìlì tó kọ́kọ́ kàn, ẹsẹ̀ kan kúrú, bébà la ká sí abẹ́ rẹ̀ títí dòní. Àga tó tẹ̀ lé e sàn jù ú lọ. Nígbà tó fi máa kan kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn ará àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń yà wá wò ó. N kò yìn ín púpọ̀, torí mo mọ ọkọ mi.

Bushrah nìkan lọmọ tí Ọlọ́run fún wa. Ọ̀yọ́ ló ń gbé pẹ̀lú Saifudeen ọkọ rẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ̀ wọ oṣù keje, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa wẹ ọmọ fún mi o."

Mo ní, "Ta ni ìbá tún wẹ̀ ẹ́?" Bí mo ṣe ń fẹnu sọ ọ́ ni orúnkún mi ń gbọ́.

Aromọléegun ti mú orúnkún mi ọ̀tún láti bí ọdún mélòó kan. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ lóṣòó, n kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀. Orí àga ni mo ti ń kírun. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá máa wẹ ọmọ tuntun, orí àpótí kúkúrú ni yóò jókòó sí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò sì tẹ́ ọmọ lé e. Ìyá Saifudeen ò jìnnà sí wọn ní Ọ̀yọ́, eegun rẹ̀ sì le. Obìnrin dáadáa ni, n kò ní ẹjọ́ kankan bá a rò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́ nìyí! Mo rò ó wò pé kí n jókòó sínú pálọ̀ bí àlejò, kí ẹlòmíràn máa wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, kí n máa gbọ́ ẹkún rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi sínú ọbẹ̀.

Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní àlùbọ́sà ni. Ó wo ìdí iná yíká, kò rí àlùbọ́sà kankan, ó wá wo orúnkún mi.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Iresa, ó yọ ilẹ̀kùn ìrókò kan lára ilé ìyá rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ó ní ìrókò ò bẹ̀rù omi. Ìyá rẹ̀ náà ló wẹ Bushrah fún mi, torí ìyá tèmi ti kú kí n tó lọ́kọ. Ọkọ mi gbé ilẹ̀kùn náà wọ gáráàjì, ó ní òun fẹ́ kan àpótí tí orúnkún mi kò ní bá jà.

Àpótí àkọ́kọ́ ga bí àga ọ́fíìsì. Ó ti fi báńnìṣì pa á, ó ń dán gbinrin. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, orúnkún kò dùn mí, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ mi nìkan ló kan ilẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó gbé iṣu kan wá. Mo pa á lọ́ṣẹ, mo tẹ́ ẹ sẹ́sẹ̀. Kí n tó bu omi, iṣu ti yọ̀, ó já lulẹ̀, ó kán sí méjì.

Àwa méjèèjì ń wò ó nílẹ̀. "Àlùhámúdùlílàhì pé iṣu ni," ni ọkọ mi wí.

"Bàbá Bushrah, ẹ ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ."

"Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Nígbà tí ẹ bá ń wẹ Bushrah lẹ́yìnkùlé, ṣebí iwájú ilé lẹ máa ń lé mi lọ."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ nígbà náà ni kó máa pariwo láti ìta pé, "Ẹ rọra o!"

Mo mú un jókòó sórí àpótí ìdáná, mo ní kó ká ṣòkòtò sókè, kó na ẹsẹ̀. Mo gbé iṣu mìíràn lé e, mo fi kàìnkàìn wẹ iṣu náà látorí dé ìdí. Mo fi ibi tí orí ọmọ ń wà hàn án, àti bí itan ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ kí omi má baà wọ ọmọ létí. Ìyá Dámisí, aládùúgbò wa, yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ó rí ọkùnrin arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ń wẹ iṣu lé lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì yára wọlé lọ.

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé bí Màmá mi ṣe máa ń ṣe é nìyí?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an nìyí. Wọ́n á ní kí n jókòó tì wọ́n, kí n máa fojú kọ́ ọ."

"O sì ń jókòó tì wọ́n?"

"Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Àpótí ọ̀hún kò gba ju ẹnì kan lọ."

Ó ń wo iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. N kò ka ohun tí mo sọ sí nǹkan kan.

Ó tú àpótí náà palẹ̀, ó tún un kàn. Ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i. Kò ga jù, kò kúrú jù. Ó fi pátákó kan sí iwájú rẹ̀ tí mo lè fi ẹsẹ̀ tì, ó ṣe ibi tí mo lè dì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nígbà tí mo bá fẹ́ dìde, ó sì ha báńnìṣì orí rẹ̀ dànù. Mo gbé iṣu lé ẹsẹ̀, mo pa á lọ́ṣẹ, mo da omi lé e. Iṣu ò mira. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: àpótí náà fẹ̀ ju ìdí mi lọ, ìdí mi kì í sì í ṣe kékeré.

"Ṣé èmi ni mo fẹ̀ báyìí ni, Bàbá Bushrah?"

"Bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé ayùn ti tán nílé ni?"

Ó ń fi sánpépà ra etí àpótí náà, ó ń fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù.

Nígbà tí Bushrah bí ọkùnrin, a gbé àpótí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́, torí mọ́tò wa tó ń sùn síta ti kọ̀. Mo bú fífẹ̀ rẹ̀ láti ibùdókọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé inú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa délé, torí pé èmi ló ń fún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Àlùfáà kan nínú bọ́ọ̀sì bèèrè bóyá mọ́sáláṣí la ń gbé e lọ. Ọkọ mi kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sórí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé Bushrah, wọ́n sì gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i láyà, ó ké, ó sì fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ di ìka mi mú. Inú mi dùn débi pé n kò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní oríkì. Ìyá Saifudeen dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ọwọ́ lómi o." Bushrah di ìgò òróró mú, ó dúró lókèèrè. Ó ní ọmọ náà ti rọ̀ jù, pé ẹ̀rù ń ba òun láti fọwọ́ kàn án nínú ọṣẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Israfil. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, ọmọ ti kún fún ọṣẹ nígbà tí orúnkún mi há. Ìrora náà gùn mí dé egungun ìbàdí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń sọ̀ kalẹ̀, Israfil sì ń yọ̀ lọ sápá ibẹ̀. Mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú. N kò lè gbé e, n kò lè dìde. Ìyá Saifudeen wà nínú pálọ̀. Bí mo bá ké pẹ́nrẹ́n, yóò sáré jáde, yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ìwẹ̀ mi sì parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ké. N kò ké.

Bushrah rí ojú mi. Ó ju ìgò òróró sílẹ̀. Ó jókòó sí apá ọ̀tún mi lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síwájú, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ abẹ́ ọmọ níbi tí tèmi ti kọ̀. Àpótí gbà wá. Pátákó iwájú gba ẹsẹ̀ àwa méjèèjì. Israfil sùn gbalaja sórí itan ìyá àti itan ìyá ìyá rẹ̀, ó dákẹ́.

"Màmá, mo ti dì í mú," ni ọmọ mi wí. "Ẹ máa wẹ̀ ẹ́ lọ."

Mo ń wẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ń fi ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí lọ́rùn ọmọ hàn án, ó ń fọwọ́ sí i. Ẹkún ni mo ń sun, n kò tún wá àlùbọ́sà tí màá parọ́ mọ́.

Nígbà tí ọmọ ti sùn, mo rí ọkọ mi ní fàráńdà, ó ń tún nẹ́ẹ̀tì wíńdò ṣe. Mo ní, "Bàbá Bushrah, ẹ mọ̀ pé orúnkún mi máa kọ̀."

"N kò mọ̀," ló wí. Ó gbé òòlù sílẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀ pé o kì í pe èèyàn. Mo ní kí n sáà fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá láìpè."

Ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń fẹ́ sọ láti ìgbà tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ mọṣẹ́ o." Ojú tì í bí ọmọdé. Ó ní òun ń lọ wo bóyá omi ti wọ ẹsẹ̀ àpótí tó ń gbẹ lóòrùn. Mo bá a lọ síbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí náà, mo sún sápá kan.

Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ìṣó rẹ̀ wò ná.

Mo ní, "Bàbá Bushrah, ẹ jókòó."

Ó jókòó tì mí.